Ẹwìrì, Irin àti Ẹnu Ọ̀pá: Bí A Ṣe Ń Dá Ìbúgbàmù Dúró Nínú Ìdọ́gba Ooru

Alágbẹ̀dẹ kan wà ní Ìgbọ̀nà, nílùú Òṣogbo wa níbí, tí mo máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó kọ ìlà kan ṣoṣo sójú pátákó. A ó dúró síwájú ààrò, a ó máa wo ọmọ iṣẹ́ tó ń fi ẹwìrì fínná. Orí irin kan wà nínú ẹyín iná, ó ti pọ́n yòò. Orí kejì wà lẹ́nu ẹ̀mú ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi wọ́n léèrè: "Ká ní ẹwìrì yìí ní làákàyè, tó jẹ́ pé bí ẹnu irin bá ṣe ń gbóná sí i ni òun náà ń fẹ́ sí i, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Irin á yọ́," ni ẹni àkọ́kọ́ sábà máa ń wí.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, kò ní dúró lórí yíyọ́ o. Ooru ń pe ooru."

Ooru ń pe ooru: òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wa. Nínú ìdọ́gba ooru, bí ohun tó ń wọlé lẹ́nu ààlà bá ń pọ̀ ju bí ooru ẹnu ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ń pọ̀ lọ, ojútùú lè ga kọjá gbogbo nọ́ńbà, kó sì jẹ́ pé ní àsìkò tó ní iye ló ṣe bẹ́ẹ̀, bíi t = 0.3 tàbí t = 2. Lẹ́yìn àsìkò yẹn, kò sí ojútùú mọ́. Ìbúgbàmù ni mo ń pè é nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Ẹni tó ti mọ ìṣirò àyípadà díẹ̀, bí ẹni tó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, ni mo ń kọ ọ́ fún. Ìjà ló wà láàárín ẹnu tí ooru ń gbà wọlé àti ara ọ̀pá tó ń gbé ooru náà lọ. A lè mọ ẹni tí yóò borí kí a tó tan kọ̀ǹpútà rárá, a sì lè gbè sẹ́yìn ẹni tó wù wá.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ̀ bóyá ooru ń wọlé ni tàbí ó ń jáde

Ẹ mú ọ̀pá kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ L. Orí òsì wà ní x = 0, ẹnu ọ̀tún wà ní x = L. Bí u bá jẹ́ ìwọ̀n ooru, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ọ̀pá ni

u_t = u_xx

Ibi tó bá gbóná ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ ń tutù, ibi tó bá tutù jù wọ́n lọ ń gbóná. Mo ti yan òṣùwọ̀n gígùn àti ti àsìkò lọ́nà tí nọ́ńbà ara irin fi di 1. A ó padà sí nọ́ńbà gidi nísàlẹ̀. Ẹnu ọ̀tún ni wàhálà wà:

u_x(L, t) = u(L, t)^p

Níbí, u_t ni bí u ṣe ń yí padà pẹ̀lú àsìkò, u_x ni bí ó ṣe ń yí padà bí a ti ń rìn lọ sápá ọ̀tún, p sì ni atọ́ka tó ń sọ bí ohun tó ń wọlé ṣe ń yára pọ̀ tó. Lẹ́nu ọ̀tún, bí u_x bá ju òdo lọ, ooru ń wọlé. Bí ó bá kéré sí òdo, ooru ń jáde. Ẹ tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. Irin tó pọ́n máa ń tan ooru dànù gẹ́gẹ́ bí òfin Stefan àti Boltzmann ti wí: 5.67 × 10⁻⁸ wáàtì fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ooru rẹ̀ (ní Kelvin) lọ́nà mẹ́rin, T⁴. Atọ́ka 4 lè dẹ́rù ba ènìyàn. Ṣùgbọ́n ooru tó ń jáde ni. Bí irin bá ṣe gbóná tó ló ń yára tú u ká tó. Atọ́ka ńlá tó ń pa ọ̀pá nígbà tó bá ń wọlé, òun náà ló ń gbà á là nígbà tó bá ń jáde. Mo ti ka iṣẹ́ àṣekágbá kan tí odindi orí kan nínú rẹ̀ dá lé ìbúgbàmù tí kò sí, nítorí àmì ìyọkúrò kan tó bọ́ sọnù ní ojú ewé kejì. Inú mi bàjẹ́ fún ọmọ náà, torí iṣẹ́ rẹ̀ yòókù mọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá p, ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀

Ẹ wọn ooru tó ń wọlé nígbà tí ẹnu ọ̀pá fi ìwọ̀n kan gbóná ju orí tó tutù lọ. Ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ìyàtọ̀ náà di ìlọ́po méjì. Bí ooru tó ń wọlé bá di ìlọ́po méjì pẹ̀lú rẹ̀, p jẹ́ 1, ìbúgbàmù kò sí níbẹ̀. Ooru lè máa pọ̀ bí owó tó ń gba èlé lórí èlé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò, iye kan wà tí ẹ máa bá níbẹ̀. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́rin, p jẹ́ 2. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́jọ, p jẹ́ 3. Kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún dára ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Nígbà mìíràn ohun tó ń wọlé kì í rí bí u^p géérégé. Ẹ pè é ní f(u), kó jẹ́ ohun tó ń ga sí i, tí ìlà rẹ̀ sì ń tẹ̀ sókè. Walter, onímọ̀ ìṣirò, gbé àyẹ̀wò kan jáde ní 1975 fún irú rẹ̀: ẹ ṣírò ∫ du/(f·f′) láti nọ́ńbà kan lọ sí àìlópin. Bí ó bá ní òpin, ìbúgbàmù lè dé. Bí kò bá ní òpin, ojútùú yóò wà títí ayé. Ẹ dán f = u wò: ∫ du/u kò lópin, ewu kò sí. Ẹ dán f = u² wò: ∫ du/(2u³) ní òpin, ewu ń bẹ. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni bí ààlà láàárín méjèèjì ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Bí f bá jẹ́ u√(ln u), ojútùú yè é. Bí f bá jẹ́ u·ln u, kò yè é. Bẹ́ẹ̀ ẹ lè ya àwòrán méjèèjì sórí ìwé kan náà kí ojú má tètè mọ èwo ni èwo.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wo orí kejì

Gbogbo ènìyàn ló ń wo ẹnu tó ń gbóná. Orí kejì, tí ẹnikẹ́ni kò wò, ló sábà ń pinnu ọ̀rọ̀.

Ká ní ẹ bò ó pa, tí ooru kankan kò lè gba ibẹ̀ jáde: u_x(0, t) = 0. Ooru ń wọlé lọ́tùn-ún, kò sí ibi tó lè gbà jáde. Ẹ kó gbogbo ooru inú ọ̀pá jọ, kí ẹ pè é ní H. Ohun kan ṣoṣo tó ń yí H padà ni ẹnu ọ̀tún, torí náà H′ = u(L)^p. Bí ọ̀pá bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ooru tó dọ́gba níbi gbogbo, tàbí tó ń ga lọ sápá ọ̀tún, ẹnu yóò máa gbóná ju ìpíndọ́gba lọ nígbà gbogbo, u(L) ≥ H/L. Nígbà náà, H′ ≥ (H/L)^p. Ẹ fi L = 1 àti p = 2 sí i: H′ ≥ H², ìbúgbàmù kò sì lè pẹ́ kọjá t = 1/H₀, níbi tí H₀ jẹ́ ooru tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.1, kò ní kọjá 10. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.01, kò ní kọjá 100. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìbẹ̀rẹ̀ tó kéré tó láti yè é. Ẹni tó dín ìbẹ̀rẹ̀ kù níbí kàn ń sún ọjọ́ síwájú ni.

Wàyí o, ẹ ti orí òsì bọ omi tútù: u(0, t) = 0. Gbogbo nǹkan yí padà. Ọ̀nà àbájáde ti wà, ìjà sì ti di ìjà ẹgbẹ́ méjì. Ibí ni a ti lè ṣe nǹkan.

Ọ̀pá tí kò lópin wà láàárín àwọn méjèèjì. Fujita, onímọ̀ ìṣirò, ti fi hàn ní 1966, fún ooru tí orísun rẹ̀ wà nínú ara fúnra rẹ̀, pé atọ́ka kan wà tó jẹ́ ààlà láàárín kí gbogbo rẹ̀ bú àti kí àwọn kékeré yè. Galaktionov àti Levine wá ààlà yẹn fún ooru tó ń gba ẹnu wọlé. Fún ìdajì ìlà tí kò lópin, p = 2 ni: láti òkè 1 dé 2, gbogbo ojútùú tó ju òdo lọ ló ń bú; nígbà tí p bá ju 2 lọ, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré ń bọ́. Ọ̀nà jíjìn náà ń gbé ooru lọ, àmọ́ ó ń falẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fa ìlà ìdúró

Ẹ farabalẹ̀ níbí, torí ibí ni mo ti ń rí i tí ojú àwọn ọmọ ń là.

Pẹ̀lú orí òsì nínú omi tútù, ẹ béèrè: ṣé ipò kan wà tí ooru tó ń wọlé àti èyí tó ń lọ dọ́gba gan-an, tí ohunkóhun kò ní yí padà? Nínú ara ọ̀pá, u_xx gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, nítorí náà ìlà gbọọrọ ni, láti òdo lápá òsì dé M lẹ́nu ọ̀tún. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlà náà jẹ́ M/L. Lẹ́nu, ó gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú M^p. Torí náà

M/L = M^p, ìyẹn ni M = (1/L)^(1/(p−1))

Bí L = 1, p = 2: M = 1, ìlà ìdúró sì ni u = x.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀pá yóò wá gbé orí ìlà yìí. Ìlà náà dà bí orí òkè tí omi ti ń pín: bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó ṣàn padà sí òdo, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lókè rẹ̀, ẹ ó bú. Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ṣe é, láìsí kọ̀ǹpútà, kó lè dá wa lójú. Ẹ pín ọ̀pá sí mẹ́rin, dx = 0.25, kí ìṣísẹ̀ àsìkò jẹ́ dt = 0.02. Lẹ́nu ọ̀tún, iye tuntun ni

u(1) + dt · [ 2(u(0.75) − u(1))/dx² + 2·u(1)²/dx ]

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.9x. Ẹnu jẹ́ 0.9, aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ 0.675. Apá àkọ́kọ́ nínú àkámọ́, èyí tí ara ọ̀pá ń gbé lọ, jẹ́ −7.2. Apá kejì, èyí tó ń wọlé, jẹ́ 6.48. Àpapọ̀ jẹ́ −0.72, torí náà ẹnu sọ̀ kalẹ̀ sí 0.8856.

Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1.1x. Ẹnu jẹ́ 1.1, aládùúgbò jẹ́ 0.825. Èyí tó ń lọ jẹ́ −8.8, èyí tó ń wọlé jẹ́ 9.68. Àpapọ̀ jẹ́ 0.88, ẹnu gòkè sí 1.1176.

Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ti sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dorí kọ. Kì í ṣe wíwò lásán ló mú un dájú. Ìlànà ìfiwéra ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà 0.9x jẹ́ òrùlé: ohun tó nílò lẹ́nu láti dúró (0.9) ju ohun tó ń rí gbà (0.81) lọ. Ojútùú èyíkéyìí tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ kò lè lu ú jáde láéláé. Iṣẹ́ ẹni tó ń dènà ìbúgbàmù kò ju kó wá òrùlé lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn fún ìgbésẹ̀ tó kàn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí 1.1x yóò bú, ẹ fi x sọ ìdọ́gba di púpọ̀, kí ẹ sì kó o jọ láti 0 dé 1. Bí E bá jẹ́ ∫ x·u dx, ẹ ó rí i pé E′ = u(1)² − u(1). Nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ lórí λx, tí λ ju 1 lọ, u ń ga níbi gbogbo, ìlà rẹ̀ sì ń rọ̀ láàárín bí okùn tí a sá aṣọ sí. Torí náà kò ga ju x·u(1) lọ, E kò sì ju u(1)/3 lọ. Láti ibẹ̀, E′ ≥ 9(1 − 1/λ)E², àsìkò ìbúgbàmù kò sì lè ju 1/(3(λ−1)) lọ. Fún λ = 1.1, kò ní kọjá 3.34. Fún λ = 2, kò ní kọjá 0.34. Ìdá mẹ́wàá péré lókè ìlà ti tó láti ba ilé jẹ́. Ó kàn ń fún yín láyè díẹ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yan oògùn

Oògùn mẹ́rin ni mo mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Wọn kò dọ́gba.

Èkíní ni kí ẹ dín ọ̀nà kù. Fún p = 2, M = 1/L. Ọ̀pá tó gùn ní 2 kò lè gbà ju 0.5 lọ, èyí tó gùn ní 0.5 ń gbà dé 2. Kí òtútù sún mọ́ ẹnu, ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára oògùn yìí ń dín kù bí p bá ti ń ga: ọ̀pá tó gùn ní 0.25 ń gbà dé 4 nígbà tí p jẹ́ 2, ó sì ń gbà dé 2 péré nígbà tí p jẹ́ 3.

Èkejì ni kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu fúnra rẹ̀, kí ooru díẹ̀ máa jáde níbi tí púpọ̀ ti ń wọlé: u_x = u^p − h·u, níbi tí h jẹ́ bí atẹ́gùn náà ṣe lágbára tó. Ẹ tún ìlà ìdúró fà. Fún p = 2, M = h + 1/L. Bí h = 3 àti L = 1, òrùlé yín ti ga láti 1 dé 4. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn oògùn yìí jù ni pé ó ń gba ọ̀pá tí a bò lórí òsì là pẹ̀lú, èyí tí a ti sọ pé kò ní ìgbàlà: nígbà náà M jẹ́ h, ìbẹ̀rẹ̀ tó bá wà lábẹ́ 3 yóò tutù. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ tó sì jẹ́ pé ẹyọ kan péré ni agbára yín ká, èyí ni kí ẹ mú.

Ẹ̀kẹta ni kí ara ọ̀pá fúnra rẹ̀ máa jẹ ooru: u_t = u_xx − a·u^r, níbi tí a àti r ń sọ bí ó ṣe ń jẹ ẹ́ tó. Ìṣirò rẹ̀ dùn. Chipot, Fila àti Quittner tú u palẹ̀ ní 1991: bí r bá ju 2p − 1 lọ, kò sí ìbẹ̀rẹ̀ tó lè bú, ì báà ga bí òkè. Bí r bá kéré sí i, àwọn ìbẹ̀rẹ̀ ńlá lè bú. Bí r bá jẹ́ 2p − 1 gan-an, a ló ń pinnu: a tó ju p lọ ń gbani, a tó kéré sí p kò tó.

Ibo ni 2p − 1 ti wá? Ẹ wo ipò ìdúró w″ = a·w^r. Ẹ fi w′ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ kó o jọ: (w′)²/2 = a·w^(r+1)/(r+1). Bí r + 1 bá jẹ́ 2p, w′ = √(a/p)·w^p. Ẹ wò ó dáadáa: bí a bá ju p lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ara ọ̀pá lè gbé ju w^p tó ń wọlé lọ. Òrùlé ti wà nìyẹn. Láti kọ́ ọ tán, ẹ jẹ́ kó tẹ́jú ní gíga m láti orí òsì dé ìtòsí ẹnu, kó wá gun òkè. Fún p = 2, r = 3, a = 4, ó tó kí ẹnu rẹ̀ ga dé ìlọ́po 1.19 m. Bí m bá ti ń ga, àyè tó nílò láti gun òkè ń kúrú sí i, nítorí náà ẹ lè gbé m ga dé ibi tó bá wù yín. Ìdí tí ìbẹ̀rẹ̀ ńlá kò fi lè bú nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin ni kí ẹ fi ìdérí sí ohun tó ń wọlé, bí i kí ẹ fi u^p/(1 + εu^p) rọ́pò u^p, níbi tí ε jẹ́ nọ́ńbà kékeré kan tó ju òdo lọ. Kò lè ju 1/ε lọ mọ́, ìbúgbàmù tán. Lórí ẹ̀rọ gidi, mo ní kí ẹ ṣe èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ̀mí má bàa lọ sí i. Lórí ìwé, mo ní kí ẹ fi í ṣe ìkẹyìn, nítorí ó ń gbà yín lọ́wọ́ ìbéèrè láìjẹ́ kí ẹ mọ ìdáhùn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fi ìdérí bẹ̀rẹ̀ kì í mọ̀ láé bí òun ṣe sún mọ́ etí ọ̀gbun tó.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wá tan kọ̀ǹpútà

Èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí tó fún ọ̀pá tí orí òsì rẹ̀ wà nínú omi tútù, ní èdè Python:

import numpy as np
N, p, t = 40, 2, 0.0
dx = 1.0/N
x = np.linspace(0, 1, N+1)
u = 1.1*x
while t < 5 and u[-1] < 8:
    dt = min(0.4*dx**2, 0.05*dx/u[-1]**(p-1))
    v = u.copy()
    v[1:-1] += dt*(u[2:] - 2*u[1:-1] + u[:-2])/dx**2
    v[-1] += dt*(2*(u[-2] - u[-1])/dx**2 + 2*u[-1]**p/dx)
    u, t = v, t + dt
print(t, u[-1])

Ìlà tó ní dt ni kí ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọ̀nà yìí kò gbà kí dt ju dx²/2 lọ. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ oyè kejì mi, mo lo dx = 0.05, tí dt rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 0.00125, mo sì fi 0.002 sí i. Iná ti lọ ní gbogbo Òkè-Fìà lóru ọjọ́ náà, epo jẹnẹrétọ̀ ń tán lọ, kọ̀ǹpútà sì ń tẹ nan (ìyẹn ni pé kì í ṣe nọ́ńbà mọ́) jáde léraléra. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbúgbàmù ni. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó wo ìbẹ̀rẹ̀ tí mo lò: 0.5x ni, lábẹ́ ìlà ìdúró, tí kò lè bú títí láé. Ká ní mo ti fa ìlà náà lórí ìwé ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ì bá ti tó.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ní àyẹ̀wò méjì tí n kì í fò. Ẹ gé dx sí méjì kí ẹ tún un ṣe: bí àsìkò ìbúgbàmù bá dúró níbi tó wà, tàbí tó yí díẹ̀ péré, òótọ́ ni, bó bá ń sá kiri, ìṣirò ló ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà, ẹ ya àwòrán 1/u(L)^(2(p−1)) sí àsìkò. Lẹ́nu, u ń ga bíi (T − t)^(−1/(2(p−1))), torí náà àwòrán yìí gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ bí ìlà tó tọ́ bó bá ti ń sún mọ́ òpin, kó sì kan òdo ní T. Fún p = 2, 1/u² ni ẹ ó yà. Ibi tí rúlà bá kan ìsàlẹ̀ ni àsìkò yín.

Mo dá ètò náà dúró nígbà tí u bá dé 8, kì í ṣe ní ẹgbẹ̀rún. Apá tó gbóná janjan lẹ́nu kò fẹ̀ ju nǹkan bí 1/u^(p−1) lọ. Nígbà tí u bá jẹ́ 8, ó ku nǹkan bí 0.125, dx wa sì jẹ́ 0.025. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, àwọn ojú àmì kò tó láti rí i mọ́, ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ sì ti di tirẹ̀, kì í ṣe ti ìdọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síwájú, kó fi ojú àmì púpọ̀ sí ìtòsí ẹnu nìkan.

Ìgbésẹ̀ 7: Láti orí ìwé lọ sí ara irin

Pẹ̀lú òṣùwọ̀n gidi, k·u_x = β·u^p lẹ́nu, níbi tí k jẹ́ bí ohun náà ṣe ń gbé ooru tó, tí β sì jẹ́ bí ooru ṣe ń fi agbára wọlé tó. Ìlà ìdúró wá di M = (k/(βL))^(1/(p−1)). Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan: p = 2, β = 2, ọ̀pá tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Idẹ, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ń yọ́ dà sínú amọ̀, ní k tó tó nǹkan bí 110. M rẹ̀ jẹ́ 110/(2 × 0.1), ìyẹn 550: ẹnu lè fi ìwọ̀n 550 gbóná ju orí tútù lọ kó tó di ewu. Ẹ wá fi amọ̀ sísun rọ́pò rẹ̀, tí k rẹ̀ tó nǹkan bí 0.7. M di 3.5. Ẹnu kan náà, iná kan náà, gígùn kan náà.

Ẹ ṣírò àsìkò pẹ̀lú. Kí ìròyìn tó gba inú ọ̀pá dé ẹnu kejì, ó ń gba nǹkan bí L²/α, níbi tí α jẹ́ bí ooru ṣe ń yára tàn ká nínú ohun náà tó. Fún idẹ, α jẹ́ nǹkan bí 3.4 × 10⁻⁵, torí náà sẹ̀ǹtímítà 10 ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Fún amọ̀ sísun, α sún mọ́ 5 × 10⁻⁷, ó ń gba nǹkan bí wákàtí márùn-ún àbọ̀. Bí ẹnu bá ti kọjá M, tí ẹ wá sáré lọ da yìnyín sórí orí òsì, òtútù yẹn kò ní dé ibi tí ìjà wà lásìkò. Ẹnu ni kí ẹ ti mú un.

Ẹnu náà ni kí ẹ fi ohun ìwọn ooru sí. Ìbúgbàmù irú èyí ń ṣẹlẹ̀ ní ààlà nìkan. Àárín ọ̀pá ń gbóná díẹ̀díẹ̀, ó sì ní iye títí dé ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Ohun ìwọn ooru tí ẹ bá gbé sí àárín, nítorí pé ibẹ̀ rọrùn láti dé, yóò máa sọ fún yín pé àlàáfíà ni nígbà tí ẹnu ti ń lọ. Ẹ so ó mọ́ ẹnu gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kó máa pariwo ní 0.7 M, kí atẹ́gùn ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ síbẹ̀ kó tó dé 0.8.